Ìbò Tó Kọ́lé: Ọjọ́ Ìdìbò Ọdún 1964 ní Harold Hill

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdìbò. Mo ní ti ibo? Wọ́n ní èyí tó bá wù mí. Mo mọ̀ pé ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ọdún 1965 ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí ojú mi ló ṣe, n óò sì fẹnu bà á kí n tó jókòó. Àmọ́ ìbò tí mo kọ́kọ́ fojú rí, ìlú Òyìnbó ni, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1964. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Owó ọ̀yà mi ni búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá màlúù pa lójú, àti tíì tó funfun bí ògì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe débẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tó wà ní London ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ Òyìnbó. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí gbà. Onílé kan ò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ, òmíràn ò tilẹ̀ fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ó ń ka òfin lóru. Ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Nursery World, ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń polówó pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rí obìnrin kan ní Harold Hill, ní Essex ìgbà náà, tó ti tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ tán. Nan ni mò ń pè é, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe ìyá àgbà. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ìyá mi máa ń wá wò mí lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá ti wọlé, á kúnlẹ̀ kí Nan, Nan á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, á ní kí ló bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣàánú mi o. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ mi tí ojú wọ́n rí màbo lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo pàdánù ni èdè tí mò ń bá yín sọ yìí, ogún ọdún ló sì gbà mí kí n tó rí i gbà padà.

Harold Hill fúnra rẹ̀ ńkọ́? Oko àti igbó ni ibẹ̀ kí ogun Hitler tó dé, lẹ́bàá Romford. Nígbà tí bọ́ǹbù fọ́ apá ìlà-oòrùn London túútúú, ọ̀gbẹ́ni kan tó mọ̀ nípa ètò ìlú, Patrick Abercrombie, gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1944 pé kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn jáde kúrò láàárín ìlú tó há gádígádí. Káńsù London, tí wọ́n ń pè ní LCC, ra ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé ní 1948. Ilé tó lé ní 7,000 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ará Stepney, ará Poplar, ará Bethnal Green, gbogbo wọn dé pẹ̀lú ẹrù inú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n bá pápá, ẹrẹ̀, àti omi ẹ̀rọ tó ń gbóná.

Ta ló sọ pé kí wọ́n kọ́ ọ? Níbi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí. Ní oṣù keje ọdún 1945, Jámánì ti túúbá, Japan ò tíì túúbá, àwọn ará Britain dìbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró kí èsì tó jáde, nítorí pé ìwé ìbò àwọn sójà ń bọ̀ láti òkè òkun. Gbogbo ayé rò pé Churchill tó jagun ni yóò wọlé. Àwọn ará ìlú kí i kú iṣẹ́ ogun, wọ́n sì gbé ìjọba fún Attlee àti ẹgbẹ́ Labour pẹ̀lú ìjókòó 393 nílé aṣòfin. Aneurin Bevan, ọmọ awakùsà láti Wales, ni Attlee fi ọ̀rọ̀ ìlera àti ilé lé lọ́wọ́. Bevan ní ilé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí bí àhámọ́. Ó ní kí ilé oníyàrá mẹ́ta fẹ̀ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ 900 níbùú-lóòró, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Conservative, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tory, padà dé ní 1951, wọ́n ti ṣèlérí 300,000 ilé lọ́dọọdún. Harold Macmillan ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, ó sì bá a ní 1953. Báwo ló ṣe bá a? Lára ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó gé ilé náà kù. Ilé pọ̀, ilé kéré.

Àgbàlagbà á máa jiyàn lórí èwo ló sàn nínú méjèèjì, èmi náà ti gbọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já ara wọn ní táì lórí ẹ̀. Àwa ọmọ Harold Hill kò jiyàn. Ilé Nan wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ sáájú. Ilé ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ sílé-ìwé wà ní apá tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwa jẹ́ méjì, tiwọn jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, ó máa ń sáré gba ẹ̀yìnkùlé wá sọ́dọ̀ wa, á di ikùn mú. Bí ìbò 1945 àti ti 1951 ṣe yàtọ̀ síra nìyẹn lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orí òkè tó ń jẹ́ Harold ni mò ń gbé. Harold Wood ni orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè tí ìyá mi máa ń sọ̀ sí. Harold Macmillan ni olórí ìjọba títí di oṣù kẹwàá ọdún 1963. Kò pẹ́ tí ìyẹn lọ ni gbogbo èèyàn ń pariwo Harold Wilson, olórí ẹgbẹ́ Labour. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi: ìdílé kan ló ni òkè, wọ́n ń jẹ oyè lórí rẹ̀ ní àjẹkárí. Ọjọ́ tí olùkọ́ wa sọ pé ọba kan tí wọ́n pa lójú ogun ní 1066 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀, mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀, bàbá ńlá wọn nìyẹn.

Ẹni tí Wilson ń bá du ipò, Alec Douglas-Home ti Conservative ni. Oyè ìdílé rẹ̀ ga, òun ni Earl kẹrìnlá, ó ní láti bọ́ oyè náà sílẹ̀ kó tó lè jókòó pẹ̀lú àwọn aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn. Hume ni wọ́n ń pe ìdajì orúkọ rẹ̀, àmọ́ Home ni wọ́n ń kọ ọ́. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà dáadáa. Mo rí i gàdàgbà nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n ẹja díndín: Home. Ṣebí ilé nìyẹn? Mo bi Nan léèrè pé ṣé Òkè àti Ilé ló ń bára wọn du ipò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Òun gan-an ló fà mí wọ inú iṣẹ́ náà. Ó yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Labour ní àdúgbò wa. Wọ́n gbé tábìlì ìjẹun síbi fèrèsé, wọ́n tẹ́ ìwé gbọọrọ gbọọrọ sórí rẹ̀, tí orúkọ gbogbo olùdìbò wà níbẹ̀, òpópónà kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi bébà kábọ̀n dà á kọ sí ojú ewé mélòó kan, èyí òkè ni wọ́n ń lò lọ́sàn-án, ti ìsàlẹ̀ sì wà fún alẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn, ẹni tó jẹ́ ti Tory, àti ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ọkọ̀ kan ń yí ẹ́sítéètì po pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí rẹ̀, àwa ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e, a ń lu páànù.

Gbohùngbohùn yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà yẹn, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ò sí lórí ìwé ìbò ní Britain. Orúkọ olùdíje, àdírẹ́sì rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò rí, ó parí. Ìgbà tí ìbò 1970 dé ni wọ́n tó ń kọ ẹgbẹ́ síbẹ̀. Bí o bá gbàgbé orúkọ náà láàárín ilé rẹ sí àpótí, o gbé. Àwa tí a ní ọ̀pẹ, tí a ní àkùkọ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́, tí ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B sì mọ ibi tí yóò dìbò sí, a ti yanjú ìyẹn ṣáájú wọn.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ilé-ìwé wa tì, nítorí gbọ̀ngàn rẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí sí. Inú wa dùn ju ti ọdún Kérésì lọ. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n máa tì í. Lẹ́nu géètì, obìnrin Labour kan jókòó sórí àga, òdòdó rìbọ́ọ̀nù pupa láyà rẹ̀. Ọkùnrin Tory kan jókòó tì í, tirẹ̀ jẹ́ búlúù. Bí ẹni tó dìbò bá ń jáde, wọ́n á ní kó jọ̀ọ́ sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún àwọn. Wọn ò bi í pé ta ló dìbò fún, nọ́ńbà nìkan. Ẹni tí kò bá fẹ́, á kọjá lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ tọ̀, èkejì á bá a kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀. Inú fláàsìkì kan náà ni wọ́n ti ń mu tíì.

Èmi ni mò ń sáré. Bí nọ́ńbà bá ti kún ojú bébà kan, obìnrin yẹn á ká a, á fi lé mi lọ́wọ́, n óò sì gbéra pá. Ní pálọ̀ Nan, ẹnì kan mú rúlà àti pẹ́ńsù pupa dání, á wá nọ́ńbà náà kàn, á fi ìlà gba orúkọ náà kọjá. Ẹni tí wọ́n fi ìlà gba orúkọ rẹ̀ ti dìbò nìyẹn, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tó fi di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn tí kò ní ìlà lórí ló kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n fa ewé kejì yọ, wọ́n pín in, ó di kíkan ilẹ̀kùn. Ìyá kan ní òun ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n ní kó gbé e wá, àwọn á bá a mú un dání. Bàbá kan ní bàtà òun wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Wọ́n yá a ní bàtà.

Iṣẹ́ alẹ́ yẹn kì bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ eré tẹlifíṣàn kan. Steptoe and Son ni, eré bàbá àti ọmọ tó ń ra àlòkù kiri, kò sí ilé òṣìṣẹ́ tí wọn kì í ti í wò ó. BBC ti ṣètò rẹ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ ìdìbò gan-an. Wilson lọ bá ọ̀gá BBC, Hugh Greene, pé èyí á mú èèyàn òun jókòó sílé. Wọ́n sún un di aago mẹ́sàn-án, ìgbà tí ibùdó ìdìbò ti tì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bú ẹni tó sún eré náà ní gbogbo ojúlé tí a kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n jáde.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá, orúkọ kan tí kò ní ìlà lórí níwájú Nan ni ti ọkọ rẹ̀. Grandad ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford ní Dagenham, iṣẹ́ ọ̀sán ti fà á pẹ́. Nígbà tó yọ lórí kẹ̀kẹ́, Nan ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní kí n mú un lọ. Bí mo ṣe di apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún gíríìsì mú nìyẹn, a ń fẹsẹ̀ gbọ̀n nínú òkùnkùn. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ dandan. Kò dárúkọ Wilson, kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Poplar, ìdílé mẹ́ta ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní àgbàlá, ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ̀ sì wà lára ògiri níta, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bàbá á kọ́kọ́ wẹ̀, omi kan náà ni ọmọ ìkẹyìn yóò lò. Òun ni ọmọ ìkẹyìn. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí, òun wọ balùwẹ̀, òun ti ilẹ̀kùn, òun jókòó sínú rẹ̀ láìsí omi. Ó wọlé dìbò, ó jáde, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n tìlẹ̀kùn. Obìnrin ẹnu géètì ti ká àga rẹ̀. Ó sì tún gba nọ́ńbà.

Lóru, Richard Dimbleby ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ McKenzie sì ń ti ọwọ́ aago ńlá kan sí ọ̀tún àti òsì. Mo rò pé aago náà ti bàjẹ́. Mo sùn lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó mọ ẹni tó wọlé: Labour 317, Conservative 304, Liberal 9. Mẹ́rin péré ni Labour fi ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ọdún 13, ìjọba yí ọwọ́. Láàárín ọjọ́ méjì kan náà, ìròyìn jáde pé wọ́n ti yọ Khrushchev nípò ní Rọ́ṣíà, China yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bìkítà ní pálọ̀ wa.

Orúkọ ìlú kan ni mo ṣì gbọ́: Smethwick, lẹ́bàá Birmingham. Patrick Gordon Walker, ẹni tí Wilson fẹ́ fi ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti fìdí rẹmi níbẹ̀, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń yí sọ́dọ̀ Labour. Peter Griffiths ti Conservative ló nà án. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni wọ́n fi nà án: ọ̀rọ̀ pé bí o bá dìbò fún Labour, aláwọ̀ dúdú ni yóò di aládùúgbò rẹ, wọ́n sì fi orúkọ burúkú yẹn pè wá. Aládùúgbò kan tó wá bá wọn yọ̀ ní ilé ìdáná wa, Labour pọ́ńbélé, ọ̀kan lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní àwọn ará Smethwick ní tiwọn lẹ́nu o jàre. Nan ṣí omi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ariwo. Ọdún púpọ̀ ni mo fi rò pé abọ́ ló kàn wù ú fọ̀.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ Àìkú. Nan bi í pé ṣé àwọn tiwọn náà rí ìbò dì. Ìyá mi ní òfin gbà á: ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó ń gbé Britain lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò bí ọmọ onílẹ̀. Nan ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, Grandad ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi mọ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń ka òfin. Ó ní ìwé olùdìbò tí wọ́n lò, fọ́ọ̀mù tí wọ́n pín ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ṣe é, onílé ló sì ń kọ orúkọ àwọn tó wà nínú ilé rẹ̀. Ayálégbé mọ́kànlá ló wà nínú ilé tí àwọn wà, sítóòfù kan ni gbogbo wọn ń lò. Èèyàn méjì ni onílé kọ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, kí káńsù má baà mọ iye tó kó síbẹ̀. Grandad bínú, ó ní ó yẹ kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún ilé káńsù. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Káńsù ń béèrè iye ọdún tí èèyàn ti gbé ní àdúgbò, kò sì sí onílé tó ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ràn àwọn tó kọ́ ilé yẹn, mo fẹ́ràn ìbò tó kọ́ ọ. N kò mọ ìbò mìíràn tí mo lè fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé nọ́ńbà sáré kiri lọ́jọ́ náà, ilé tí ìyá mi ò lè rí gbà ni mò ń bá wọn dáàbò bò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, ìjọba Labour tí mo ṣiṣẹ́ fún dín ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún àwọn ará Commonwealth kù sí 8,500 lọ́dún. Àwa ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi Aureol nígbà náà, a ń bọ̀ nílé. Bàbá mi ti yege, èyí ló gbé wa wálé. Bí Smethwick bá wà nínú rẹ̀, wọn ò sọ fún mi.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, ìbò dé bá mi ní Ìbàdàn. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wá obìnrin tó jókòó sórí àga tí yóò fún mi ní nọ́ńbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé mi ní apá kan, ó jù mí wọlé, ó fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Èyí tó kù, ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́ òórùn epo tí wọ́n fi dáná sun ilé.

Nan kò dẹ́kun àtikọ lẹ́tà sí mi. Ní 1980, ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin pé ayálégbé káńsù lè ra ilé tó ń gbé, wọ́n á sì yọ ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ kúrò, ó lè dé ìdajì fún ẹni tó ti pẹ́. Ìbò 1979 ló gbé òfin yẹn wá. Ibo ni ẹ rò pé Thatcher lọ lóṣù kẹjọ ọdún 1980, tó fún ìdílé kan ní ìwé ilé wọn, tó jókòó mu tíì pẹ̀lú wọn níwájú àwọn oníròyìn? Harold Hill ni, ní Amersham Road. Nan gé fọ́tò náà nínú ìwé ìròyìn, ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn lẹ́tà náà ló kọ ọ́ sí pé òun náà ti fọwọ́ sí ìwé, òun ti ra ilé, àti pé obìnrin yẹn ni òun dìbò fún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Grandad. Ọdún kẹrin nìyẹn tí Grandad ti kú.

Mo lọ kí i ní 1986. Láyé ìgbà tiwa, káńsù ló ń kun gbogbo ilẹ̀kùn, àwọ̀ ewé kan náà láti òpin òpópónà dé òpin. Tirẹ̀ ti di aláwọ̀ òféèfèé, ó gbé idẹ sára rẹ̀ fún kíkàn. Ó ti gbó, ó ti kéré, àmọ́ ó dá mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìrìn àjò náà jìn, mo ní kó jọ̀ọ́, mo fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní, “Èwo, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?”